Kí Wọ́n Tó Dá Òṣìṣẹ́ Dúró, Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Dí Ihò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tí ó lanu ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri ilé ẹnì kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni mo ń wí, níbi tí iná mànàmáná, gáàsì àti epo dísù ti lè máa jò dànù tọ̀sán-tòru láìsí ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìnáwó bá sì wá pọ̀ ju owó tí ń wọlé lọ, òṣìṣẹ́ ni ojú máa ń kọ́kọ́ wò, ojú kì í wo ihò.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, “Kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti iná? Ṣé iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà kọ́ ni?” Ìdáhùn mi ni pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ta ni àwọn tí ń dúró ti ẹ̀rọ ní Ṣágámù? Bàbá wa ni, ẹ̀gbọ́n wa ni, ìyá wa tí ń di ọjà sínú páálí ni. Owó oṣù wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń san owó ilé ìwé. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá ti ìlẹ̀kùn, ilé tiwa náà ni ebi yóò yà sí. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá fara balẹ̀ bá mi dé òpin ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwa onímọ̀ èdè gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí a wà. Ní 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì West African Portland Cement sílẹ̀, ìjọba náà sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ewékorò ni iṣẹ́ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Ní 1978, wọ́n ṣí èkejì sí Ṣágámù. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń wá báyìí-báyìí. Nestlé ṣí tirẹ̀ sí Flowergate, lẹ́bàá oríta Ṣágámù, ní 2011. International Breweries ṣí ilé ìpọntí ńlá kan sí agbègbè kan náà ní 2018. Bí ẹ bá sì dé Ògìjó, ẹ ó bá àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin níbẹ̀. N kò ka orúkọ wọ̀nyí láti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé iṣẹ́ tí ó gbé wá sí ilẹ̀ wa, iṣẹ́ tí ń jẹ iná bí ìgbà tí àgbàdo bá bọ́ sí ẹnu adìyẹ ni.

Ẹ wo sìmẹ́ńtì ná. Òkúta ni wọ́n ń sun nínú iná títí ooru rẹ̀ yóò fi tó ìwọ̀n 1,450 Celsius. Lẹ́yìn tí ó bá tutù tán, wọ́n ó tún lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. Kí tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì kan tó jáde, iná mànàmáná tí yóò jẹ máa ń tó nǹkan bí 100 yúníìtì, láì tíì ka gáàsì tàbí epo tí wọ́n fi sun òkúta yẹn. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tí ó bá ń ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ́dún, tí ó sì dín iná yìí kù pẹ̀lú ẹyọ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù yúníìtì kan ni ó fi pamọ́ yẹn. Ìdín kékeré níbi iṣẹ́ ńlá, owó gọbọi ni.

Owó iná náà kò sì dúró lójú kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, gbogbo ohun tí a ń fi dọ́là rà sì gbówó lórí, epo dísù kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, 2024, àjọ NERC tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúníìtì kan láti ₦68 lọ sí ₦225 fún àwọn oníbàárà tí wọ́n wà ní ìpele kìn-ín-ní, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Wọ́n dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò padà sí ibi tí ó ti wá. Ní ọdún 2024 yẹn kan náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ni gbogbo iná orílẹ̀-èdè wa kú fin-ín, tí kálukú sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń pariwo, ariwo náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ni èyí: nínú yúníìtì tí ilé iṣẹ́ kan ń rà ní owó iyebíye yìí, mélòó ni ó ń di ọjà tí a lè tà, mélòó sì ni ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ?

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan nígbà kan ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni. Gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ti jókòó sábẹ́ igi. Síbẹ̀, mo ń gbọ́ ìró kan, ṣíì-ṣíì-ṣíì, bí ìgbà tí ejò bá ń bínú.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìró kí ni mo ń gbọ́ yìí?”

Ó ní, “Afẹ́fẹ́ ni, àbúrò. Páìpù ló ń jò.”

“Láti ìgbà wo?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mo bá a níbẹ̀ ni nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́.”

“Ẹ kò sì sọ fún ọ̀gá yín?”

“Ọ̀gá wo nínú wọn? Ọ̀gá tiwa ní àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ló ni ín. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní kò sí nínú owó tí wọ́n fún àwọn lọ́dún yìí. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì owó ní àwọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ máa ń jò.”

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, wọ́n dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka tí ẹ̀gbọ́n mi wà. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé owó iná ti pọ̀ ju agbára àwọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò, nítorí ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú. Gbogbo yín ni ẹ mọ ẹ̀rọ tí àwọn fọganáísà fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Irú rẹ̀ ni ó wà ní àwọn ilé iṣẹ́, àfi pé tiwọn tóbi jù ú lọ púpọ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń ti apá ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn. Iná mànàmáná ni ń ṣe afẹ́fẹ́ yìí. Bí ihò kan tí kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ, èyí tí ọ̀pá yíǹkì inú bírò lè gbà kọjá, bá wà lára páìpù rẹ̀, iná tí ihò yẹn nìkan yóò máa jẹ tó kílówáàtì mẹ́ta. Bí wọn kò bá pa ẹ̀rọ náà, yúníìtì 72 ni lójúmọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí á fi ₦200 ka yúníìtì kan kí ìṣirò lè rọrùn. ₦14,400 ni lójúmọ́. Lọ́dún kan, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000, èyí tí í ṣe ₦840,000 lọ́dún. Ìyẹn ni pé ihò kan ṣoṣo ń gba owó oṣù òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ yìí sọ fún wa pé níbi tí a kò bá bójú tó páìpù, ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́ta gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lè jò dànù. Ta ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ lé jáde nílé iṣẹ́ yẹn, ihò ni tàbí ènìyàn?

Ẹ má ṣe rò pé aláìmọ̀kan ni gbogbo àwọn tí wọ́n wà ní ilé iṣẹ́ náà. Olúkúlùkù wọn ni ó mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ètò. Kò sí ẹni tí wọ́n fi ihò náà lé lọ́wọ́. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n dá pé ó gbọ́dọ̀ ti dí. Ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí a kò yan olùtọ́jú fún, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú wa. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní 1973, ojú pọ́n àwọn tí kò ní epo nílẹ̀ wọn. Ní 1979, ilẹ̀ Japan ṣe òfin tí ó fi dandan lé e pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lo agbára. Ní 1979 yẹn kan náà ni ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe òfin tí ó dá Energy Commission of Nigeria sílẹ̀. Ọdún kan náà o! Àwa ní epo, àwọn kò ní. Bóyá ìdí nìyí tí tiwọn fi wọ inú ilé iṣẹ́, tí tiwa sì pẹ́ nínú fáìlì. Ní 2011, àjọ tí ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé gbé èyí tí wọ́n ń pè ní ISO 50001 jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 2018. Ilé iṣẹ́ èyíkéyìí, ńlá tàbí kékeré, ni ó lè gbà á lò.

Kí ni ó wà nínú ìlànà náà? Bí a bá bọ́ ẹ̀wù gẹ̀ẹ́sì kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìyá tí ń yan gàrí. Ó mọ iye ẹrù igi tí ń jẹ kí àpò gàrí kan tó jáde. Bí igi ọ̀sẹ̀ yìí bá ju ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lọ, tí gàrí kò sì pọ̀ sí i, yóò bèèrè ìdí: ṣé igi tútù ni, àbí ògiri àdìrò ni ó ti là, àbí ọmọ tí ń koná ni kò fiyè sílẹ̀? Ìyẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìlànà yìí. Kí ilé iṣẹ́ mọ ibi tí agbára ń gbà wọlé, ẹ̀rọ tí ń jẹ ẹ́ jù, àti iye tí ọjà kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Kí wọ́n kọ iye ti òní sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ti ọ̀la wé e. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dá iye tí wọ́n fẹ́ dín kù, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò ṣe é, owó tí yóò fi ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀.

Iṣẹ́ kò pin síbẹ̀. Ẹ wo àwọn oníṣòwò obì Ṣágámù. Wọn kì í di obì sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ó máa tú u wò, wọ́n ó ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, wọ́n ó pààrọ̀ ewé, wọ́n ó tún un dì. Bí wọ́n bá dẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kòkòrò ti ran gbogbo agbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà yìí ṣe sọ ọ́: pinnu, ṣe é, yẹ̀ ẹ́ wò, tún un ṣe, kí o sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí ìpolongo ọlọ́sẹ̀ kan tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri nìyí, “Ẹ pa iná kí ẹ tó máa lọ.”

Àǹfààní rẹ̀ kò sì mọ sí orí ihò páìpù. Fáànù ńláńlá wà ní àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi gbogbo eré sá, tí wọ́n sì fi irin dínà afẹ́fẹ́ rẹ̀ níwájú kí ó má baà pọ̀ jù. Bí ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́tò mọ́lẹ̀, tí ó tún tẹ bíréèkì pọ̀ mọ́ ọn ni. Bí wọ́n bá dín eré fáànù bẹ́ẹ̀ kù sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, iná tí yóò máa jẹ kò ní jẹ́ 80. Yóò sún mọ́ 51, ìyẹn ìdajì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ bí kò bá sí mítà lára fáànù náà?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àkọ́kọ́, wọn yóò ní, “Iná tí kò dúró ṣinṣin, báwo ni a ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n?” Èmi rò pé ìdí tí ó fi yẹ kí á wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tí ó ń ra iná lọ́wọ́ IBEDC láàárọ̀, tí ó ń lo gáàsì lọ́sàn-án, tí ó sì ń tan jẹnẹrétọ̀ dísù lálẹ́, iye yúníìtì kan kì í ṣe ọ̀kan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí kò bá mọ èyí tí ó wọ́n jù, báwo ni yóò ṣe mọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe láàárọ̀ àti èyí tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀ di alẹ́?

Èkejì, wọn yóò ní ìwé ẹ̀rí lásán ni, tí wọ́n ń fi há ògiri. Òótọ́ wà nínú èyí. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn ìwé ẹ̀rí ní orílẹ̀-èdè yìí ju ìmọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ pé dandan ni kí ilé iṣẹ́ gba ìwé ẹ̀rí kí ó tó tẹ̀lé ìlànà. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mítà mẹ́ta, ìwé kan, àti ẹnì kan tí wọ́n fún ní àṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù, n kò sì ní sá fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò bèèrè pé bí àwọn bá wá dí ihò tán, tí ilé iṣẹ́ rí mílíọ̀nù márùn-ún, àpò ta ni yóò bọ́ sí? Ìbéèrè gidi ni. Òṣìṣẹ́ tí kò bá rí nǹkan kan nínú rẹ̀ kò ní tọ́ka ihò han ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: ìpín kan fún ẹ̀rọ tuntun, ìpín kan fún òṣìṣẹ́. Kí wọ́n sì fi èyí kún un, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ mi: ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ dá ènìyàn dúró nítorí owó iná, kí ó kọ́kọ́ gbé ìwé àkọsílẹ̀ agbára rẹ̀ síta. Kí ó fi han ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pé òun ti wọ̀n, òun ti wá ihò, òun ti dí i. Bí kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òṣìṣẹ́ ni ó ń náni lówó jù.

Ìtàn ìlú wa gan-an ti kọ́ wa ní bí a ṣe ń ṣe irú nǹkan yìí. Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ pa pọ̀ sí ojú kan, tí wọ́n di Ṣágámù, nítorí ogun. Ìlú kọ̀ọ̀kan kò sọ orúkọ àti ọba rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé odi kan ṣoṣo ni àwọn yóò jọ máa ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ọ́fíìsì owó, àwọn tí ń ṣe ọjà, àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe àti àwọn tí ń ra nǹkan wá ṣe. Ọ̀gá pátápátá ni kí ó pè wọ́n jọ, kí ó sì máa jókòó tì wọ́n, nítorí bí olórí kò bá sí níbẹ̀, ìpàdé lásán ni.

Níbo ni tiwa wà? Ìlànà yìí béèrè pé kí gbogbo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ ohun tí ilé iṣẹ́ pinnu nípa agbára. Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́ sí ẹnu géètì? Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tí ń koná ìkòkò omi gbígbóná, tí ó mọ ìró gbogbo páìpù bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀, kò lè kà á. Ẹ rántí pé ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì yọrí sí rere. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, kí a lè fi èdè wa ṣe àlàyé ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣé a ó wá dúró sí orí lítíréṣọ̀ nìkan ni?

Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa yan ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀rọ, kí wọ́n sì kọ ìwé ojú ewé kan ṣoṣo ní Yorùbá tí ó yéni: bí a ṣe ń ka mítà, bí a ṣe ń mọ páìpù tí ń jò, ẹni tí a ó sọ fún, àti ibi tí a ó kọ ọ́ sí. Kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí wọ́n ní orúkọ fún ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwa kò tíì gbọ́ rí. Àwa yóò kọ́ lára wọn, àwọn náà yóò kọ́ lára wa.

Ẹ̀yin ará, n kò sọ pé dídí ihò yóò mú kí iná orílẹ̀-èdè yìí dúró ṣinṣin. Ẹ̀bi ìjọba wà níbẹ̀, kí a má sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìró ṣíì-ṣíì-ṣíì tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn tí wọ́n dá dúró kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbọ́ ọ.